Mo Fi Àdúrà Mùsílímátù Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ni wọ́n fi mọ̀ mí.

Mo ti so ewúrẹ́ Bàbá Lídà, olórí ìjọ wa, mọ́ okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì rí. Bí ewúrẹ́ ṣe ń fà láti jẹ koríko ni agogo ń dún, ní ọ̀sán gangan. Gbogbo ìjọ sáré dé, àwọn mìíràn ń wọ sùtánà lójú ọ̀nà, wọ́n rò pé Jésù ti dé. Wọ́n nà mí, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń díbọ́n pé òun ń wúkọ́.

Sanmí ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Kíláàsì kẹta girama ni mo bá ìwé dé. Kì í ṣe pé orí mi kò pé o, ojú kan ni n kò lè jókòó sí. Mo ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Ẹgbẹ́dá, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò. Láràárọ̀, Sàníù ọ̀rẹ́ mi ló ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi wá láti abúlé wa. Lazarus tó ń gẹ irun ni ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Bàbá mi ti kú. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Láfún ló ń ṣe, orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ló sì máa ń sá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sí.

Gbogbo abúlé ń pè é ní Ìyá Sanmí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Rèbékà. Rèbékà náà ló wà lórí káàdì ìdìbò rẹ̀. Èmi ń pè é ní Màámi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọmọ Bàbá Lídà kan tó wà lókè òkun ló ṣe ojú-ewé kan fún ìjọ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni nínú ìjọ lè kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ, àfi kí èèyàn ní pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn méjìlá tó wà nínú Ẹgbẹ́ Àdúrà nìkan ló ní in.

Òfin kan wà níbẹ̀. O kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ọkọ, o kò gbọdọ̀ kọ "Ìyá Lágbájá". Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni wàá kọ, àti orúkọ ìyá tó bí ọ. Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ èèyàn níwájú Ọlọ́run nínú ìjọ wa nìyẹn: lágbájá ọmọ lágbájá. Wọ́n ní Ọlọ́run kò ní í ṣi ẹni tí wọ́n ń wí mú, aráyé kò sì ní í tètè mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àdúrà ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ìyá àgbà ni, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ní ọjọ́ kan ó wá bá mi lábẹ́ agboòrùn.

"Sanmí ọmọ mi, fóònù yìí fẹ́ẹ́ pa mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ka àdúrà ló ń ní kí n tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí, ó ní kì í ṣe èmi."

"Ẹ̀yin gan-an ni, Màmá. Fóònù ni kò mọ àgbà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

Mo sọ fún un pé áàpù kan wà. "Ẹ máa fún un ní pásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan péré. Òun fúnra rẹ̀ ni á máa lọ bá yín ṣílẹ̀kùn, á máa kó àdúrà tuntun wá bá yín nílé. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Tí tuntun bá dé, á dún kín-ín."

"Ta ló ni áàpù ọ̀hún?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Màmá. Àwọn kan lókè òkun ni."

"Tí mo bá fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ ilé, ṣé kò ní í wọ yàrá?"

"Màmá! Kí ni wọ́n fẹ́ẹ́ fi àdúrà àwa ará oko ṣe?"

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó rọra sọ pásíwọ́ọ̀dù náà sí mi létí, bí ẹni ń gbé ẹyin lé ni lọ́wọ́.

Áàpù náà béèrè ímeèlì. Ìyá Àdúrà kò ní, mo bá fi tèmi sí i. Ìyẹn ni pé ohun tó bá dé sórí fóònù rẹ̀ yóò dé sórí tèmi náà. Ó tún béèrè bóyá kí àwọn ẹlòmíràn lè máa rí àkójọ náà. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ìdí kankan. Bọ́tìnnì rẹ̀ ló tóbi jù, mo sì ń yára.

"Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn fún ọ," Ìyá Àdúrà wí.

Ó ti ṣí.

Mo búra fún yín, nígbà tó kọ́kọ́ dún kín-ín, n kò wò ó. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo wo orúkọ, mo sì yí ojú kúrò. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo kà á.

Ọkùnrin kan ni. Ó kọ ọ́ pé: "Ọláníran ọmọ Ṣeunfúnmi, kí Ọlọ́run bá mi sọ fún ìyàwó mi kó yé é fi mí wé ọkọ àbúrò rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé skúrù fóònù tí mo ń tú lọ́wọ́ bọ́ sínú iyanrìn. Lazarus béèrè ohun tó ṣe mí. Mo kà á fún un. Sàníù dúró pẹ̀lú ọ̀kadà, a tún kà á fún òun náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe wòlíì. Ẹnì kan á máa kọjá lọ, ará ìjọ wa, ẹni tí mo ti dá mọ̀ nínú àkójọ náà. Màá di ojú, màá gbọn orí.

"Olúwa ní kí n sọ fún ọ. Eékún òsì yẹn! Kò ní í dùn ọ́ mọ́."

Ọkùnrin náà á kúnlẹ̀ sínú eruku. Lazarus á sá wọ inú ìsọ̀ rẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ mí ní Wòlíì Abẹ́ Agboòrùn, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi ju orúkọ mi lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan tí òjò ń rọ̀, kò sí oníbàárà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú ìsọ̀ Lazarus. Fóònù mi dún kín-ín.

"Wòlíì," Lazarus wí, "kí ni Olúwa rán sí wa lónìí?"

Mo ṣí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí. Áàpù náà kì í gbé odindi àdúrà jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ń fi hàn, lẹ́yìn náà ibi kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí èèyàn á tẹ̀ tó bá fẹ́ ka ìyókù. N kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ̀rín tí mo ń wá, òkè ló máa ń wà.

Ohun tí mo rí nìyí:

"mùsílímátù ọmọ fàtímọ̀ kókó kan wà ní ọmú mi òsì ó ti pé oṣù mẹ́rin mo ti gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́bọ̀ yìí ẹ̀rù ń bà mí gidigidi ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́"

"Mùsílímátù?" Sàníù fò dìde. "Ẹni wa nìyẹn! Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ ti jí èèyàn wa gbé!"

"Ẹni yìí ò mọ fúlù sítọ́ọ̀pù o," Lazarus wí. "Ó kọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé."

Mo ronú títí, n kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Mùsílímátù nínú ìjọ wa. Bóyá bí mo bá mọ̀ ọ́n, ojú ì bá tì mí. Ẹni tí a kò mọ̀ kì í jọ èèyàn lójú ẹlẹ́yà. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo ń wú ikọ́ bíi wòlíì.

Sàníù dẹ́kun ẹ̀rín. "Sanmí, ọ̀rọ̀ àìsàn nìyí o. Fi sílẹ̀."

"Ṣé ìwọ mọ Mùsílímátù kankan lábúlé wa?"

"Rárá."

"Ta ló máa wá dùn?"

Sàníù yíjú. Ó ń wo òjò.

Mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Mo pariwo Halelúyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní, "Mùsílímátù! Mùsílímátù ọmọ Fàtímọ̀! Olúwa ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń fi kòkó kọ́lé, ìwọ ń fi kókó pamọ́ sáyà! Gbé e jáde! Àwọn tó ń ra kòkó ti dé!"

Lazarus ṣubú lulẹ̀. A gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ dáadáa nínú ohùn náà. Mo fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lórí Wásáàpù.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ọ lórí fóònù obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. N kò mọ obìnrin náà rí. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti di gbajúmọ̀.

Mo délé, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló dùn tó báyìí?" ó béèrè. "Láti ìdí igi ọsàn ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan sí i kí ẹ gbọ́, Màámi." Mo fa fóònù yọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú.

"Fóònù ẹni tó ń tún fóònù ṣe!" ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí i kẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn. N kò béèrè ìdí rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, oòrùn yọ. Mo ń múra láti lọ síbi iṣẹ́. Màámi wà lórí àpáta, ó ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ sí oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun dé ìgúnpá. Fóònù rẹ̀ dún.

"Bá mi gbé e, ọwọ́ mi ò dáa. Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta."

Mo wò ó. "Bàbá Ìjàyè ni." Bàbá Ìyàndá nìyẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, tó ń dá oko iṣu ní Ìjàyè níbi tí wọ́n ti bí wọn. Àwẹ̀ró ni Bàbá Ìjàyè máa ń pe ìyá mi. Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ kó pè é ní orúkọ mìíràn.

Mo tẹ fóònù náà, mo gbé e sórí àpáta.

"Mùsílímátù!"

Màámi dúró gbọin. Ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mùsílímátù ọmọ Fàtímọ̀! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ìyá mi ló dáhùn.

Mo mọ̀ pé mùsùlùmí ni àwọn ará ilé wọn ní Ìjàyè. Mo mọ̀ pé nígbà tó fẹ́ bàbá mi ló di Aládùúrà. Ṣùgbọ́n kò wá sọ́kàn mi rí pé ẹni tó ń jẹ́ Rèbékà ti jẹ́ nǹkan mìíràn kó tó jẹ́ Rèbékà. Ìyá Ìjàyè ni mo ń pe ìyá rẹ̀ títí ìyá náà fi kú. Ọmọ wo ló ń béèrè orúkọ ìyá rẹ̀? Ẹnu ta ni yóò ti gbọ́ ọ?

"Oṣù mẹ́rin, o kò sọ fún mi!" Bàbá Ìyàndá ń sọ. "Ṣé ẹnu ẹlẹ́yà ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ?"

"Ẹlẹ́yà wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Fàdìlàt ọmọ mi ló gbé e wálé láti ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Wòlíì kan ń fi orúkọ rẹ pariwo. Mo ní irọ́ ni, orúkọ ló jọ orúkọ. Fàdìlàt bá tẹ orúkọ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rí i ní kíkọ sílẹ̀, nínú àkójọ àdúrà kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á! Ó kà á fún mi títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní..."

"Ẹ má kà á!"

N kò gbọ́ kí ìyá mi pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn adìyẹ tó wà létí àpáta fò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ó rọ ohùn sílẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má ka ìsàlẹ̀ yẹn."

Ohùn Bàbá Ìyàndá yí padà. "Àwẹ̀ró. Gbọ́ ohùn wòlíì náà. Bóyá etí mi ló ń purọ́ fún mi."

Mo gbọ́ Halelúyà mẹ́ta. Mo gbọ́ kòkó, mo gbọ́ kókó. Mo gbọ́ ẹ̀rín Lazarus. Orí àpáta ni mo dúró sí, mo ń gbọ́ ohùn ara mi.

Màámi gbọ́ ọ dé òpin. Kò wo ojú mi. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tó funfun yẹn, ó fi bo àyà rẹ̀ lósì. Àmì ọwọ́ rẹ̀ wà lára búláòsì náà bí èfun.

"Ohùn ta nìyẹn, Àwẹ̀ró?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ìyá mi wí.

Ó fi ìka kan pa fóònù náà. Mo ti dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀gẹ́ tútù.

"Màámi, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo fi Ọlọ́run búra. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni!"

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Tí kì í bá ṣe èmi ńkọ́, Sanmí?"

Títí dòní, mo ṣì ń gbọ́ ìbéèrè náà.

Ìyá Àdúrà dé lọ́sàn-án. Kí àdúrà náà tó jáde, òun nìkan ló mọ ẹni tí Mùsílímátù jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń bá ìyá mi gbààwẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Ìyá mi gbà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́.

Ó dúró lé mi lórí. "Mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní tí mo bá fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ ilé ńkọ́."

"Kì í ṣe àlejò ló wọ yàrá, Màmá. Èmi ni."

"Ìwọ wọlé, o tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Pa á rẹ́. Pa á rẹ́ lójú mi."

Mo ṣí áàpù náà. Àdúrà ìyá mi wà lókè, ibi tí a ti ń tẹ̀ láti ka ìyókù wà lábẹ́ rẹ̀. Ìka mi dúró níbẹ̀. Mo rántí bó ṣe pariwo. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Áàpù náà dáhùn pé ohun tí òun ti kó pamọ́ lè pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Lídà pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ló tì. Àwọn ẹrù ti wà níta.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Àdúrà ti wọṣọ ìrìn àjò. Ìyá mi jókòó sórí ibùsùn, kò tíì wẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́."

"Rèbékà, a ti ṣàdéhùn."

"Àdéhùn wa ni pé ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ orúkọ tí fóònù ń pè lórí àpáta. Èèyàn mẹ́rin ló wá kí mi lánàá, Màmá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ojú mi."

Ìyá Àdúrà bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìyàndá wá láti Ìjàyè, ó kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ìyá mi ń wí pé òun á lọ, tó bá yá.

Oṣù kan di méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà bàbá mi nínú oòrùn. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Obìnrin kan ní Ṣáṣá fún un ní ewé tí yóò máa lẹ̀ mọ́ àyà, ó ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó ń sá ń dín kù, títí àpáta náà fi ṣófo. Ewúrẹ́ ló wá ń sùn síbẹ̀.

Nílé, ó ṣì ń dáná fún mi. Ó ń béèrè bóyá mo jẹun. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi lẹ́ẹ̀kan. Ó sàn kó bú mi.

Ọyẹ́ ti dé kó tó gbà. Oṣù keje nìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ orí àpáta. Nǹkan náà ti di egbò, ó sì ti ní òórùn tí ewé kò lè bò mọ́.

Bàbá Ìyàndá ló gba káàdì fún un nílé-ìwòsàn náà. Orúkọ tí ó mọ̀ ló kọ. Gbọ̀ngàn náà kún fún èrò. Obìnrin tó wà lójú fèrèsé na ọrùn jáde.

"Mùsílímátù! Ta ni Mùsílímátù?"

Gbogbo ojú yí.

"Àwa ni," mo wí.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, kò dàgbà púpọ̀. Ó yẹ ìyá mi wò, ó fọ ọwọ́, ó jókòó.

"Màmá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó máa tó ọdún kan."

"Ọdún kan! Kí ló dá yín dúró, Màmá? Ẹ̀ bá ti tètè wá, nígbà tó ṣì kéré..."

Ìyá mi wò mí. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun gbọ́ ọ, kó nà mí.

Màámi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀rù ló bà mí, dókítà," ó wí. "Ẹ̀rù lásán ni."

Bó ṣe pa àṣírí mi mọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n gbìyànjú. Abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ mú irun orí rẹ̀ lọ, ó mú oúnjẹ lọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Màámi ti lọ.

Mo ṣì wà lábẹ́ agboòrùn ní Ẹgbẹ́dá. Ẹnikẹ́ni kì í pè mí ní wòlíì mọ́. Sàníù ṣì ń gbé mi wá láràárọ̀, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ìyá bá gbé fóònù wá, tí wọ́n sì fẹ́ẹ́ sọ pásíwọ́ọ̀dù sí mi létí kí iṣẹ́ lè yá, mo máa ń dá fóònù padà fún wọn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, Màmá. Mo ti yíjú."

"Ojú mi ò ríran dáadáa, ọmọ mi. Bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, Màmá. Kó pẹ́ díẹ̀."

Ohun tó mú wa yára náà ni mo ń rò. Ìyá Àdúrà kò fẹ́ ju kó má máa tẹ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀. Ohun kékeré ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tí ẹnì kan bá ní kí ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá kí òun máa bá yín ṣílẹ̀kùn, ẹ bi í pé níbo ló ń kó ohun tó bá rí nínú ilé sí. Ẹ sì tún wo ojú ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ìjọ wa ti padà sí kíkọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà sórí ìwé tí wọ́n ń ká sínú àpótí. Wọn kì í ká a tí mo bá wà nítòsí.

Ní ogójì ọjọ́ ikú Màámi, àwọn ará Ìjàyè wá. Nígbà tí àwọn àgbà ń jẹun, Fàdìlàt, ọmọ Bàbá Ìyàndá, wá bá mi lórí àpáta. Ó mú ìwé kan jáde nínú ìdì ìborùn rẹ̀.

"Mo dà á kọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ìsàlẹ̀ àdúrà yẹn ni. Bàbá wa ní kí n má fún ọ nígbà ayé ìyá rẹ."

"Màámi ní kí ẹ má kà á."

"Wọ́n ní kí Bàbá má kà á sí ọ létí. Torí o dúró níbẹ̀ ni."

Ó fi mí sílẹ̀. Mo jókòó síbi tó máa ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ sí, mo ṣí ìwé náà.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo kọ́ ìyá mi bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà lórí fóònù. Orí àpáta yìí náà ni. Mo ń fi ìka rẹ̀ tó gbẹ ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo fi lẹ́tà hàn án, mo fi àyè hàn án, mo fi ibi tí á tẹ̀ kó lè lọ hàn án. Lẹ́yìn náà ó sú mi, mo dìde.

Ohun tó kọ nìyí. Fàdìlàt kò fi nǹkan kan kún un:

"ẹ bá mi bẹ ọlọ́run kí sanmí ọmọ mi má gbọ́ títí ara mi yóò fi yá òun ló kọ́ mi ní lẹ́tà tí mo fi ń kọ èyí ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ẹ̀rín rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i ẹ̀rín yẹn ló ń mú mi dìde láàárọ̀ ẹ má jẹ́ kó dákẹ́ nítorí mi"

Lazarus ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ fúlù sítọ́ọ̀pù.

Èmi ni n kò fi í hàn án.